Ta Ni Yóò Ṣe Fíríìdọ̀mù fún Akẹ́kọ̀ọ́ Òwò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ẹni tí ó fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ kò ní rí ọbẹ̀ fi jẹ iyán, ẹni tí ó sì ń ju ọwọ́ òfìfo bí ẹni ń ṣán oko kò ní rí ibi tí yóò gbin iṣu sí. Òwe yìí ni ó ń ró lọ́kàn mi bí mo ti ń wo ẹ̀kọ́ kan tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹ̀kọ́ òwò. Ọmọ yóò lo ọdún mẹ́rin lórí rẹ̀, yóò ka ìwé, yóò ṣe ìdánwò, a óò sì fi oyè dá a lọ́lá pé ó ti mọ bí a ti í dá òwò sílẹ̀. Ǹjẹ́ a lè fi ìwé nìkan kọ́ ọmọ ní òwò? Bí a kò bá lè ṣe é, kí ni ó kù tí a kò fi kún un?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà máa kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdáṣẹ́sílẹ̀, ì báà ṣe ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ èdè ni wọ́n lọ kọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò dúró síbẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún un. National Open University náà ń fi oyè àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó bá kà á já. Ní Ìkéjì-Arákejì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Joseph Ayo Babalola University, tí a dá sílẹ̀ ní 2006, fi ìdáṣẹ́sílẹ̀ ṣe àmì ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣáájú ní ọ̀nà yìí. Ní 1947 ni Harvard kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì Babson tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí a dá sílẹ̀ ní 1919, sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé.

Ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa kò pamọ́. Ní 1962, yunifásítì márùn-ún péré ni ó wà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, iṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń dúró dè é. Lónìí, yunifásítì wa ti lé ní igba, iṣẹ́ kò sì pọ̀ tó bí àwọn tí ń jáde ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí a fi ń wí fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wá iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wọn. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí ọmọ lọ pa ẹran ìgbẹ́, ó yẹ kí ó fún un ní àdá, kí ó sì fi ipa ọ̀nà ìgbẹ́ hàn án.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé àṣà ìbílẹ̀ wa ti ní ilé-ìwé òwò tirẹ̀ kí yunifásítì tó dé, àti pé àwọn tí ó ṣe ètò ẹ̀kọ́ tuntun yìí mú òwò, wọ́n sì fi ilé-ìwé náà sílẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó gbé ilé-ìwé àtijọ́ náà dúró. Èkíní ni ọ̀gá tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú iṣẹ́ tí ó ń kọ́ni. Èkejì ni owó gidi àti oníbàárà gidi tí ọmọ ń bá lò láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀kẹta ni ìgbòmìnira, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fíríìdọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ àṣà náà wò. Nígbà tí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kì í dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Bàbá tàbí ìyá yóò tẹ̀ lé e, wọn yóò mú onídùúró dání, wọn yóò dá iye ọdún tí ọmọ yóò lò, wọn yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọn yóò sì gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ti di ọmọ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ni, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, òun ni yóò gbálẹ̀, òun ni a óò máa rán lọ ra òwú àti bọ́tìnnì. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níbi òwú rírà ni ó ti ń mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ wọ́n àti ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ̀ lówó. Níbi ilẹ̀ gbígbá ni ó ti ń gbọ́ bí ọ̀gá ti ń fi ohùn tútù bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀. Bí ó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, aṣọ gidi ni ó bàjẹ́, owó gidi ni a óò sì san dípò rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé láé pé kí á wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí á tó gé e lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọdún bá pé, ọ̀gá kì í kàn sọ fún ọmọ pé kí ó máa lọ. A óò dá ọjọ́, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà yóò péjọ, àwọn òbí yóò gbé oúnjẹ àti ohun mímu wá. Ọ̀gá yóò gbé irin-iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, yóò gbàdúrà fún un, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ má ṣe rò pé àríyá lásán ni. Àwùjọ ni a fi ọmọ náà hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé aṣọ fún un mọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Bí ó bá ṣìwà hù, a mọ ibi tí a óò ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òun náà mọ ẹni tí yóò sá tọ̀ bí iṣẹ́ bá lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ó ti rí fún oníṣẹ́ ọwọ́ náà ni ó rí fún oníṣòwò. Ọmọbìnrin tí ó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ alájàpá lọ sí ọjà oko ń kọ́ bí a ti í ná ọjà, bí a ti í mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi èènì sí i fún ẹni tí a fẹ́ kí ó padà wá. A kọ́ ọ pé kí ó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọ́tà, kí ó má sì jẹ ojú owó mọ́ èrè. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn Òṣómàáló gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Orúkọ tí a fi ń pè wọ́n ti inú ìpinnu wọn jáde, nítorí ẹni tí ó bá wá gba gbèsè a máa sọ pé òṣòó ni òun yóò ló síbẹ̀ títí a óò fi san án. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ wọ inú òwò náà a kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìbátan tí ó ti wà nínú rẹ̀, a ru ẹrù, a wo bí àgbà ti ń ṣe é, kí ó tó gbé aṣọ tirẹ̀ lérí.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí a sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, mẹ́nu ba èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó kárí ilẹ̀ wa. Iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Àjọ ní tirẹ̀ a máa wà lọ́wọ́ alájọ, ẹni tí ń gba owó lójoojúmọ́ tí ó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń béèrè ilé tàbí ilẹ̀ ìdúró lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ èsúsú. Ìwà rẹ̀ ni ìdúró rẹ̀. Bí ìjà òwò bá sì dé, a kì í fi í sílẹ̀ láìsí olùparí. Àwọn Ẹ̀gbá, fún àpẹẹrẹ, ní Pàràkòyí, àwọn olóyè tí ọ̀rọ̀ òwò wà ní ìkáwọ́ wọn.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí à ń ṣe ní kíláàsì. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò gbọ́dọ̀ ní oyè ọ̀mọ̀wé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti ta nǹkan kan rí, bóyá ó ti san owó ṣọ́ọ̀bù rí, bóyá ó ti jí ní òru ọjọ́ kan tí ó ń ṣírò gbèsè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìwé ètò òwò tí ó dára. Nínú ìwé náà, gbogbo oníbàárà ni yóò san owó wọn pé, iná mànàmáná kò ní lọ, ọjà kò ní wọ́n lójijì. Olùkọ́ yóò fún un ní máàkì 75, yóò sì gba ìwé náà pa mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá jáde, kò ní ọ̀gá tí yóò fi í han ẹnikẹ́ni, kò ní irin-iṣẹ́, kò ní ẹgbẹ́ èsúsú, kò sì ní oníbàárà kan ṣoṣo. Yóò gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò sì máa wá iṣẹ́ kiri, àní iṣẹ́ oṣù tí a ní kí ó má wá mọ́. Owó ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ san fún ọdún mẹ́rin ì bá ti tó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mélòó kan.

Àwọn tí a ń wo àwòkọ́ṣe wọn pàápàá kò ṣe é báyìí. Ní Babson, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń yá ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lówó láti fi dá òwò gidi sílẹ̀. Bí ọdún bá ń parí, wọn yóò san owó náà padà, èrè tí ó bá kù yóò sì lọ sí iṣẹ́ àánú. Bí a bá wò ó dáadáa, kí ni èyí bí kò ṣe ojú owó tí a gbé lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kí á lè wo bí yóò ti tà? Ohun tí ó wà nínú àṣà tiwa ni wọ́n ń ṣe. Ìwé wọn ni àwa mú, a sì gbàgbé owó náà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi kò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn àṣà kí n bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí ó jẹ́ pé aṣọ ìyàwó ọ̀gá ni ọmọ ń fọ̀ fún ọdún kan gbáko kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń fi kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ pamọ́ títí wọn yóò fi gbé e wọ sàréè. Ọmọ iṣẹ́ a sì máa jọ ọ̀gá rẹ̀ jù: bí ọ̀gá kan bá tú ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá ni yóò máa rán irú aṣọ kan náà ní àdúgbò kan náà. Orí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ń fi pa ìṣírò mọ́ sí, èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó.

Àbùkù tí ó burú jù ni ti ogún. Bí bàbá oníṣòwò bá kú, a óò pín ohun ìní rẹ̀ ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé iye ìyàwó ni a óò fi pín in, tàbí ní orí-ò-jorí, ìyẹn ni pé iye ọmọ ni a óò wò. Ilẹ̀ ṣe é pín. Báwo ni a óò ti pín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí ọ̀nà mẹ́rin? Ẹ̀rọ yóò dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò túká, òwò tí a fi ogójì ọdún kọ́ yóò sì wó láàárín ọdún méjì. Ibi tí yunifásítì ti wúlò nìyí. Òun ni ó lè kọ́ ọmọ pé kọ́ḿpìnì jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin, pé kì í bá olówó rẹ̀ kú, àti pé ìpín inú rẹ̀ ni a ń pín, a kì í gé ẹ̀rọ. Òfin kọ́ḿpìnì tí a ṣe ní 2020 tilẹ̀ gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ḿpìnì àdáni sílẹ̀. Mélòó ni àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ wa tí wọ́n mọ èyí? Ta ni yóò sì sọ fún wọn bí kò ṣe ọmọ tí ó ti kà á?

Àwọn àgbà kan yóò ní òwò kì í ṣe ohun tí a ń kọ́, pé orí ẹni ni. Wọn yóò tọ́ka sí Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1902, tí ó dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà ní 1971. Òótọ́ ni pé òwò Odùtọ́lá ti dúró kí yunifásítì àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1948. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé akọ̀wé kóòtù ni ó ti ṣe rí. Níbi iṣẹ́ ìwé ni ó ti mọ bí a ti í kọ nǹkan sílẹ̀, bí a ti í pa àdéhùn mọ́, àti bí ìjà owó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà gan-an ni ó tún fi owó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Bí ó bá ti gbà pé orí nìkan ti tó, kí ni ó ń fi ilé-ìwé ṣe?

Kí ni ṣíṣe, nígbà náà? Ọ̀nà wà, kò sì béèrè pé kí á lọ bẹ Àbújá. Ní 2022 ni àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, NUC, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde. Nínú ìlànà náà, àjọ yìí ni ó pèsè ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a óò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìdá 30 yòókù sì wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá ipò àti agbègbè rẹ̀ mu kún un. Ìdá 30 yìí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá fi àṣà ìkọ́ṣẹ́ wa sínú rẹ̀.

Kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ òwò sọ́dọ̀ ọ̀gá kan fún ọdún kan gbáko nínú ọdún mẹ́rin náà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti onídùúró, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí láti 1973 ni a ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ sí ilé-iṣẹ́ láti lọ fi ojú rí ohun tí wọ́n ń kà. Kí á san owó fún ọ̀gá náà, kí máàkì rẹ̀ sì wọ inú èsì ìdánwò ọmọ. Kí a pe ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ láti jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń rojọ́ òwò rẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ èsúsú láti ọdún kìn-ín-ní, kí owó tí ó bá kan olúkúlùkù sì jẹ́ èyí tí yóò fi jáde. Ní ọjọ́ tí a bá wọ̀ wọ́n láṣọ oyè, kí ọ̀gá tí ó kọ́ ọmọ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, kí ó gbé irin-iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ó sì wí pé: ẹni yìí ti ọ̀dọ̀ mi wá.

Èrè rẹ̀ kò ní jẹ́ ti ọmọ nìkan. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kérora pé ọmọ kò wá kọ́ṣẹ́ mọ́ yóò rí ọmọ tí ó mọ̀wé tí yóò bá yín to ìṣírò yín, tí yóò sì fi yín mọ ọ̀nà òfin. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò rí ohun tí ẹ óò kọ ìwé lé lórí, tí kò ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe dúró dè wá. Ìsinmi yín tí ó ń bọ̀ yìí, ẹ lọ bá ẹni tí ń ṣe òwò tí ọkàn yín ń fẹ́, ẹ kí i bí ọmọ Yorùbá ti ń kí àgbà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ máa bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Bí ó bá gbé ìgbálẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ gbà á. Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀kan, ọjà wà lọ́wọ́ èkejì. Bí yunifásítì kò bá fẹ́ kí oyè òwò di ẹ̀fọ́ tí a fi ẹnu rò, kí ó pe ọ̀gá oníṣẹ́ wọlé, kí ó sì fún un ní àga.